Ẹni Tó Dáhùn Nínú Irà

Òótọ́ ni. Mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. N kò sí lára àwọn tó ń fi iwin dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ, n kì í sì í mu ọtí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi Díákónì Prioleau, tó jókòó síbẹ̀ tó fojú ara rẹ̀ rí i. Lóòótọ́, díákónì yìí máa ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù títí dé àmín, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀ tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ní díákónì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ojú rẹ̀ là. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì fi bẹ́ẹ̀ pa á dé mọ́.

Evelina Mazyck ni ọ̀rọ̀ kàn. Ilé rẹ̀ àti tèmi kọjú síra, ní erékùṣù kékeré kan létíkun Kárólínà ti Gúúsù, níbi tí iyọ̀ òkun ti ń jẹ páànù orí ilé, tí àwọn olówó òkèèrè sì ń jẹ ilẹ̀ tó kù. Bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé ni Evelina fi gbogbo ayé rẹ̀ wà. Kò sí ọmọ tí kò bú rí. Àwọn òbí ló bú jù.

Nígbà òtútù tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nínú ilé ìdáná. Ó là á sí méjì bí ẹni la búrẹ́dì: apá ọ̀tún ń ṣiṣẹ́, apá òsì ń wò ó níran. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹsẹ̀ òsì di ẹrù. Ó wá ń fi ọ̀pá rìn. Tó bá ń bọ̀ lórí pákó ìloro rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ láti inú ilé mi kí n tó rí i. Ọ̀pá á ní kó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á ní gbì. Ẹsẹ̀ òsì á wá wọ́ tẹ̀lé wọn.

Kó. Gbì. Wọ́ọ́ọ́.

Ẹ fi ohùn yẹn sọ́kàn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Rosalind, tó ń gbé ní Àtìláńtà. Ilé ni Rosalind ń bá èèyàn tà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wo ilé ìyá rẹ̀ bíi pé oníbàárà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn àpótí aṣọ ni: kó gbé e, kó sì mọ ibi tó gbé e sí. Nígbà tí òtútù lọ, tí ewé tún rú, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ dé pẹ̀lú òkìtì páálí lẹ́yìn. Ó ti tún yàrá kan ṣe ní ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ti ra ibùsùn. Ó ti ra àga tó ń mì síwá sẹ́yìn, ó gbé e sí ojú fèrèsé.

"Màmá, ẹ ò lè máa dá gbé mọ́. Tí ẹ bá ṣubú láìsí ẹnìkankan nílé ńkọ́?"

"Màá sùn síbẹ̀. Ilẹ̀ ilé mi ni."

"Mi ò ṣàwàdà o."

"Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ló wọ́."

Bí wọ́n ṣe fà á nìyẹn láti àárọ̀ títí tí ìrẹsì fi jóná. Èmi wà lójú fèrèsé mi, mo ń gbọ́. Nígbà tó yá, Rosalind ní ìyá òun ò lè rìn dé etí ọ̀nà kí ó máà máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí Evelina nínú.

"Ọ̀nà pákó inú irà," ó ní. "O mọ̀ ọ́n?"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìjọba ló kàn án: pákó lórí òpó, igi ìdìmú lọ́tùn-ún lósì. Ó gba àárín igbó irà kọjá, ó yí po, ó tún já síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àlejò máa ń ti ọmọ ọwọ́ nínú kẹ̀kẹ́ yí i ká. Wọ́n á ya fọ́tò ọ̀nì kan tó ń sùn, wọ́n á jáde, wọ́n á máa ju apá bí ẹni tó ti ojú ogun dé. Fún ẹsẹ̀ tó pé, ìrìn kékeré ni. Fún Evelina, ó jìn tó Àtìláńtà fúnra rẹ̀.

"Tí mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi yí i po," Evelina ní, "láìdi èèyàn kankan mú, ìwọ á kó páálí rẹ padà lófìfo. O ò sì ní bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ títí wọn á fi sin mí."

"Tí ẹ ò bá wá lè yí i po ńkọ́?"

"Màá di ẹrù mi fúnra mi."

Rosalind gbà kíákíá. Mo mọ ohun tó ń rò. Ó rò pé ibi bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ ni ìyá òun á ti yí padà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ti ń rọ̀ kí wọ́n tó lọ, torí Evelina ní òun ò ní rìn nínú oòrùn kí wọ́n wá fi òógùn òun ṣe ẹ̀rí. Díákónì Prioleau ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ síwájú irà kí wọ́n tó dé. Ó ti tẹ́ àga sí ẹnu ọ̀nà pákó, ó gbé ọ̀rá ẹ̀pà sísè lé orí itan. Ó ní òun wá fi àdúrà tì í lẹ́yìn. Ẹ̀pà nìkan ni mo gbọ́ pé ó rí ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Arábìnrin Evelina," ó ní, "ọ̀nì tó wà nínú ibẹ̀ ò tíì jẹun o."

"Kó ní sùúrù. Ìwọ nìkan ti tó fún un láti jẹ di ọdún tó ń bọ̀."

Evelina dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, elésè àlùkò, èyí tó fẹ̀ bí àwo. Ó tún ọ̀pá rẹ̀ dì mú. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

"Rosalind, gbọ́. Tí mo bá jáde, pè mí."

Rosalind mí kanlẹ̀. Ó mọ ohun tó ń sọ. Gbogbo ọmọ erékùṣù yìí ló mọ̀ ọ́n. Orúkọ méjì ni wọ́n ní níbí. Ọ̀kan wà fún dókítà àti ọlọ́pàá. Èkejì ni wọ́n ń pè ní orúkọ apẹ̀rẹ̀, torí pé inú apẹ̀rẹ̀ ni ọmọ ṣì wà tí wọ́n ti fún un. Minki ni ti Evelina. Tí wọ́n bá ń gbé ọmọ kúrò ní ilé onílé, tàbí ní itẹ́ òkú, tàbí nínú irà, wọn kì í kàn dìde lọ. Wọ́n á di ọwọ́ ọmọ náà mú, wọ́n á fi orúkọ apẹ̀rẹ̀ pè é: ó yá, máa bọ̀ nílé, má dúró sẹ́yìn. Wọ́n ní ara lè jáde níbì kan kí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀.

"Màmá, ọmọ kékeré ni wọ́n ń ṣe é fún."

"Ẹni tí irú àìsàn tèmi bá ṣe, ara rẹ̀ ò tíì so pọ̀ dáadáa. Má pè mí ṣáájú o. Kí o fojú rí mi. Kí o fọwọ́ kàn mí. Kí o tó pè."

"Mo ti gbọ́."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní kí n pè yín."

Evelina wò ó fún ìgbà díẹ̀. Láti kékeré, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ọmọ náà máa ń gbọ́, á sì fi ìdajì yẹn ṣe odidi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ó fi ọ̀pá kan pákó àkọ́kọ́.

Kó. Gbì. Wọ́ọ́ọ́.

Ìmọ́lẹ̀ dín kù lẹ́ẹ̀kan náà, bíi pé ẹnìkan fa aṣọ fèrèsé. Òkun ò jìnnà, ṣùgbọ́n èèyàn kì í gbọ́ ọ níbẹ̀. Àwọn igi ti gbé ohùn rẹ̀ mì. Omi dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ pákó, ó dúdú bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ewéko eléérú ń rọ̀ láti orí ẹ̀ka bí irùngbọ̀n. Òórùn ewé jíjẹrà. Òórùn iyọ̀ díẹ̀. Nínú omi, gbòǹgbò àwọn igi ńlá yọrí sókè ṣóńṣó ṣóńṣó. Orúnkún ni wọ́n ń pè wọ́n.

Evelina wò wọ́n. "Gbogbo yín lẹ ní orúnkún tó le," ó ní. "Ẹ ò sì ríbi kankan lọ."

Àwàdà rẹ̀ dùn mọ́ ọn. Ó ń rìn lọ. Nígbà tó dé bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, òógùn ti ń kán láti imú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ibí yìí ni wọ́n ti ń retí kí òun yí padà. Ó yọ ahọ́n sí bẹ́ǹṣì náà. Ó kọjá.

Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni àwọn ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́.

Wọn ò dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn dákẹ́ pọ̀. Evelina mọ irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì kì í dákẹ́ báyẹn àfi tí wọ́n bá rí nǹkan lẹ́yìn awakọ̀.

Kó. Gbì. Wọ́ọ́ọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀: Kó. Gbì. Wọ́ọ́ọ́.

Ó dúró. Ohùn náà dúró. Ṣùgbọ́n kò bá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fa wọ́ọ́ọ́ kan sí i kó tó dákẹ́.

"Pákó ni," Evelina sọ fún ara rẹ̀. "Pákó ìjọba. Ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ bí àwọn tó kàn án."

Kò bojú wẹ̀yìn. Kì í ṣe torí ẹ̀rù o. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́. Ó ní tí òun bá yí ọrùn, òun á ṣubú. Tí òun bá ṣubú, Rosalind á jàre. Kí iwin irà kúkú jẹ òun tán, ó sàn fún òun ju kí Rosalind jàre lọ.

Ó tẹ̀ síwájú. Èyí tó wà lẹ́yìn náà tẹ̀ síwájú. Kò sún mọ́ ọn. Kò jìnnà sí i. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, síbẹ̀ ọrùn rẹ̀ tutù, bíi pé ẹnìkan dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó rin gbingbin.

Ibi tí pákó ti yí, níbi tó jìn jù sí ẹnu ọ̀nà, ni ẹsẹ̀ òsì ti kọ̀. Ó kàn kọ̀ ni. Ó gbé e, kò gbé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi ìdìmú mú, ọ̀pá sì bọ́ sórí pákó. Àdéhùn ni pé kò gbọ́dọ̀ di èèyàn mú. Igi kì í ṣe èèyàn. Ó dúró síbẹ̀, ó ń mí, ó ń wo ìsàlẹ̀. Iwájú jìn. Ẹ̀yìn jìn. Ó rí àwọn páálí yẹn lójú inú rẹ̀. Ó rí àga tó ń mì lójú fèrèsé, lókè, níbi tí kò ti ní rí ilẹ̀ kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹsẹ̀ náà wí bí ọmọ ilé-ìwé.

"Dìde! Ìwọ ọ̀lẹ yìí, dìde! Mo ti gbé àwọn tó burú jù ọ́ lọ dé ilé-ìwé!"

Ẹsẹ̀ kò dáhùn.

"Kò burú," Evelina ní. Inú ti bí i. "O ò fẹ́ bá mi lọ? Dúró síbí nígbà náà. Dúró! Èmi ń lọ sílé mi."

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ.

Kò sí ọmọ erékùṣù wa tó máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú irà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mutí yó, wọn ò ní sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Irà dákẹ́ lọ réré. Omi kan kán síbì kan. Lẹ́yìn náà, pákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ró díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan bá gba nǹkan tí wọ́n fún un.

Ó fa ara rẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n sí igbó, ó ń lọ. Agídí mi ló ṣe é, ó ń sọ fún ara rẹ̀. Agídí kì í já mi kulẹ̀. Ó ti rìn jìnnà díẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ò gbọ́ nǹkan kankan lẹ́yìn mọ́.

Iwájú ló ti wá ń dún báyìí.

Kó. Gbì. Wọ́ọ́ọ́.

Kò sí ohun tó kọjá lára rẹ̀. Pákó náà ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo àárín àwọn igi, lọ́hùn-ún níbi tí ọ̀nà ti ń yí padà sí ẹnu ọ̀nà, ó rí fìlà kan. Elésè àlùkò. Ó fẹ̀ bí àwo. Ó ń rọra lọ, ó ń rì lápá òsì, ó ń gbé sókè, ó ń rì.

Evelina fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Fìlà rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Ìwọ yẹn!" ó kígbe. "Ṣé èmi lò ń sín jẹ?"

Fìlà náà kò dúró.

Ilẹ̀ ti ń ṣú lábẹ́ igi. Evelina wo pákó iwájú rẹ̀. Ipa omi wà lórí rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún kan, ó pé pérépéré. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà gígùn kan, bí ibi tí wọ́n fa àpò kọjá. Àtẹ́lẹsẹ̀. Ìlà. Àtẹ́lẹsẹ̀. Ìlà. Ó ń tẹ̀ lé wọn. Ó ń yára. Ó fẹ́ bá a kó tó jáde. Kò mọ ohun tí òun á ṣe tí òun bá bá a, ó kàn mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ṣáájú òun jáde.

Ìgbà yẹn ni ohùn Rosalind dé láti ọ̀nà jíjìn. Ohùn gígùn ni, ohùn ẹni tí nǹkan ti sú, tí ẹ̀fọn sì ń jẹ.

"Minki o! Ó yá! Ẹ máa bọ̀ nílé! Ẹ má dúró sẹ́yìn!"

Evelina la ẹnu.

Ẹnìkan dáhùn ṣáájú rẹ̀.

"Mò ń bọ̀ o."

Ohùn náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohùn tirẹ̀ ni.

Ó sáré. Evelina Mazyck, tí dókítà ní kó má gun àtẹ̀gùn, sáré lórí pákó. Kó tó já síta, ó gbọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Gbàm.

Rosalind ń yí bọ̀ láti apá kejì ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pákó. Ó wo inú ọkọ̀. Ó tún wo ìyá rẹ̀.

"Màmá," ó ní. "Ìgbà wo lẹ jáde nínú ọkọ̀?"

"Ọkọ̀ wo?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so bẹ́líìtì mọ́ yín lára ni. Ẹ ní òtútù ń mú yín."

Ẹ̀pà kan bọ́ lọ́wọ́ Díákónì.

"Díákónì," Evelina ní, "ta ló jáde?"

"Ìwọ ni." Ó dìde lórí àga rẹ̀. "Mo kí ọ. O ò dá mi lóhùn. Mo ní ìgbéraga rẹ náà ni."

Evelina lọ sí ọkọ̀ náà, ó ṣí ilẹ̀kùn. Àga iwájú rin gbingbin. Omi dúdú díẹ̀ wà nílẹ̀ ọkọ̀, ewé kan léfòó lórí rẹ̀. Bẹ́líìtì náà wà ní síso. Kò sí ẹni tó tú u.

"Ṣé mo dúró níwájú rẹ kí o tó pè mí? Ṣé o fọwọ́ kàn mí?"

"Ilẹ̀ ń ṣú, Màmá! Ẹ̀fọn ń jẹ mí! Mo pè yín, ẹ sì dáhùn!" Rosalind ti ń sunkún. Ó wá dákẹ́ lójijì. Ó ń wo ojú ìyá rẹ̀. "Ẹnu yín," ó ní. "Màmá, ẹnu yín ti tọ́."

Evelina wo ilẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rántí ibi tó bọ́ sí. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì.

Kò wọ ọkọ̀ Rosalind padà sílé. Ọkọ̀ Díákónì ló wọ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ̀pà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Rosalind kó àwọn páálí òfìfo rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ti pinnu pé ìyá òun ló fi òun ṣẹ̀sín, pé Díákónì sì lọ́wọ́ sí i. Ìyẹn ló rọrùn fún un láti gbà gbọ́. Ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Ẹ ti jàre, Màmá. Ẹ máa gbé ilé yín." Ó ṣáná sí ọkọ̀. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké: píìn, píìn, píìn. Bí ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí ṣe máa ń ké nìyẹn tí ẹnìkan bá jókòó sí iwájú láìso bẹ́líìtì. Rosalind wo àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dúró títí, ariwo náà ò dúró. Ó wá na ọwọ́, ó fa bẹ́líìtì náà, ó so ó mọ́ òfìfo.

Ọkọ̀ dákẹ́. Ó wà á lọ.

Evelina gba ilé rẹ̀. Ó gbin ewébẹ̀. Ó gun àkàbà, ó tún kun férémù ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀dà búlúù tí wọ́n ní ó ń lé iwin. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òògùn tí òun kọ ló ṣe é. Ẹ mọ àwọn dókítà. Evelina ń bú gbogbo wa bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já gaara. Rosalind máa ń pè é lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń sọ ti ilé tó tà. Nígbà tó yá, ó ní nǹkan ń jò nílé òun, òun ò mọ ibi tó ti ń jò. Lẹ́yìn náà, kò sọ̀rọ̀ omi mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ kan, mo lọ tọrọ iyọ̀, mo bá Evelina lórí fóònù. Ó na ìka sí mi pé kí n dákẹ́. Ó fi fóònù náà sórí tábìlì kí èmi náà lè gbọ́.

Kó. Gbì. Wọ́ọ́ọ́.

"Rosalind," Evelina ní. "Ta ló ń rìn nílé rẹ?"

"Kò sí ẹnìkankan, Màmá."

"Mo ń gbọ́ ọ."

Nígbà tó dáhùn, ohùn rẹ̀ kéré. "Kì í dà mí láàmú. Orí àga lójú fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Aṣọ ibùsùn nìkan ni mo máa ń pààrọ̀ láràárọ̀, torí ó máa ń rin. Ó fẹ́ràn ìrẹsì. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ó máa ń ní òun fẹ́ lọ sílé."

Evelina jókòó. Ó wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó wo ilé rẹ̀ yíká, ògiri, ìkòkò, ilẹ̀kùn búlúù. Mo mọ ohun tó ń rò, torí èmi náà ń rò ó. Tó bá pè é padà, á padà. Ẹsẹ̀ á tún di ẹrù, ẹnu á tún wọ́, páálí á sì tún dé. Tí kò bá pè é, ọmọ rẹ̀ lá máa bá a gbé.

Kò pẹ́ rárá. Ó dìde. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìgbà tó bá fẹ́ bá olórí ilé-ìwé jà.

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn."

"Màmá..."

"Gbé e sún mọ́ ọn, mo ní."

A gbọ́ ẹsẹ̀ Rosalind. A gbọ́ àga kan tó ń mì, ó ń dún kín-ín, kín-ín. Ó dúró. Ẹnìkan ń mí, omi wà nínú èémí náà.

Evelina tẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ tó tọ́ pè é.

"Minki. Ó yá, máa bọ̀ nílé. Má dúró sẹ́yìn."

Lẹ́yìn náà, ohùn kan tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan wí pé:

"Minki nìyí. Ìwọ, ta ni ọ́?"

Evelina la ẹnu. Mo ń wò ó. Ó la á, ó pa á dé, ó tún la á. Fóònù kú.

Rosalind ṣì ń pè, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí fóònù mọ́, kì í sì í sọ pé Màmá. Ó máa ń ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," bí èèyàn ṣe ń kí ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè.

Evelina ò gbà. Ẹ mọ̀ pé kò lè gbà. Lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti rọ̀, ó ń lọ síbi irà, ó ń yí ọ̀nà pákó náà po, ó ń pe orúkọ yẹn. Ó ní ibi tí òun ti fi í sílẹ̀ lòun ti máa mú un. Díákónì máa ń gbé àga rẹ̀ lọ, ó ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Kì í jẹ ẹ̀pà mọ́. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní òun ń tẹ́tí ni. Ó ní òun máa ń gbọ́ ọ tó ń pe orúkọ lọ, tó ń pè é bọ̀, títí á fi jáde síwájú òun. Ṣùgbọ́n òun ò tíì gbọ́ kí pákó kan dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ní etí rẹ̀ ló ti di, àgbà ti dé. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín.

Èmi ò bá a lọ gbọ́ o. Ilé mi kọjú sí tirẹ̀, ìyẹn tó mi. Láràárọ̀, ó máa ń jáde sí ìloro, ó máa ń bú mi, mo máa ń bú u padà. Ó kàn jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ kí n tó rí i. Báyìí, màá máa gbálẹ̀ mi lọ ní tèmi, màá gbójú sókè, á ti dúró síbẹ̀.